Àbámodá tó kọ̀ tí kò kú sínú ìwé ìròyìn

Iṣẹ́ náà kò le létí: já oríṣi ewéko 20, tẹ̀ wọ́n gbẹ, lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí, kí o kọ orúkọ wọn sí i. Máàkì 30, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọdún kejì mi ní yunifásítì ni, níbi tí mo ti ń kọ́ ìmọ̀ ewéko. Oṣù kìn-ín-ní, ọyẹ́ ń fẹ́. Mo ti ń fi àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n dàgbà sí ìgboro rẹ́rìn-ín, torí eléwé ọmọ ni ìyá àgbà mi. Ta ni yóò wá fi ewé hàn mí?

Mọ́kànlá ni mo kọ́kọ́ já. Olùkọ́ wa yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ padà fún mi.

"Òdòdó wọn dà?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ewé lẹ ní ká já."

"Ewéko ni mo wí. N ò wí pé ewé."

Òdòdó àti èso ni wọ́n fi ń mọ ẹbí ewéko. Ewé méjì lè jọra bí ìbejì kí wọ́n má bá ara wọn tan rárá. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo gba pákó pẹlẹbẹ méjì lọ́wọ́ káfíńtà, mo ra okùn, mo wá ìwé ìròyìn àtijọ́ lọ. Èyí gan-an ló nira jù, torí àwọn oníàkàrà ti rà á tán. Láàárọ̀ Sátidé, mo mú ọ̀bẹ, ọ̀rá àti pẹ́ńsù lọ sí etí oko. Pẹ́ńsù ni o, kì í ṣe báírò. Bí omi bá kan báírò, ọ̀rọ̀ ti tán. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nípa ewúro nìyí: "Ẹ̀yìn ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Ó ga jù mí lọ díẹ̀. Òdòdó funfun, ó ń ta sánsán, oyin pọ̀ lórí rẹ̀." Kò sí èyí tí páálí lè pa mọ́ nínú wọn. Àwọ̀ á ṣá, òórùn á lọ, ẹ̀ka kan ṣoṣo kò sì lè sọ bí igi ṣe ga tó.

Lálẹ́, mo fi abẹ la òdòdó ewúro kan, mo gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lé e. Ohun tí mo pè ní òdòdó kan, àpapọ̀ òdòdó wẹ́wẹ́ ni, tí wọ́n tò sínú ife kan náà. Mo la ìmí eṣú, bákan náà. Mo la abẹ́rẹ́, tí èso rẹ̀ kún ìbọ̀sẹ̀ mi, bákan náà. Mo la ewé tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀ (bóyá ẹgbẹ́ tí bàbá wọn dìbò fún ló fà á), òun náà rí bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Amẹ́ríkà ló ti wá. Ẹbí kan ni gbogbo wọn, Asteraceae. Mo pe ìyá àgbà láti sọ fún wọn pé ewúro àti ìmí eṣú jẹ́ mọ̀lẹ́bí. Wọ́n ní kí n lọ sùn.

Títẹ̀ kò ní wàhálà: tẹ́ ẹ sáàárín ìwé, ṣẹ́ ewé kan po kí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn, di pákó mọ́ra pinpin, pààrọ̀ ìwé lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́. Mo gbàgbé ọjọ́ kan, gbúre sì bu funfun.

Ṣùgbọ́n àbámodá! Ní ọjọ́ kẹfà, gbogbo ewé yòókù ti ń dún bíi pápá gbígbẹ, òun ṣì tutù yọ̀yọ̀. Mo wò ó dáadáa: ní etí ewé rẹ̀, nínú gbogbo kòtò wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀, ọmọ ti yọ, elewé méjì méjì, gbòǹgbò wọn rí bí òwú funfun, wọ́n sì ti gún ìwé ìròyìn wọlé. Èmi dá àbá pé kó gbẹ, òun náà dá tirẹ̀.

Mo gbé e lọ sí Jericho ní Ìbàdàn, sí herbarium àwọn onímọ̀ igbó, níbi tí ewéko gbígbẹ tó lé ní 100,000 wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bàbá kan tó ń lẹ ewé níbẹ̀ wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o pa á kó tó wọ inú ìwé?"

"Rárá, sà."

"Omi gbígbóná, ọmọ mi. Rì í bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀, ó sì tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó gbẹ.

Kíkọ orúkọ Látìn kò gbà mí ní àkókò tó bẹ́ẹ̀. Ewúro ni Vernonia amygdalina. Àwọn onímọ̀ ti ń pè é ní Gymnanthemum báyìí, àmọ́ ewúro ṣì ń jẹ́ ewúro.

Mo gba 24. Pátánmọ́ wà lára ohun tó gé máàkì mi: mo fọwọ́ kàn án kí n tó já a, ó pa ewé rẹ̀ dé, bó sì ṣe gbẹ nìyẹn. Àwọn ọmọ àbámodá yẹn, mo gbin méjì sínú agolo mílíìkì lójú fèrèsé. Ègé ìwé ìròyìn ṣì lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò ọ̀kan.