Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ìtàn Ẹ̀dá Inú Omi

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọ́kọ́ ṣìnà ni pé wọ́n á kó gbogbo ẹ̀dá inú omi pọ̀, wọ́n á pè é ní Mámí Wọ́tà. Yemọja, Mámí Wọ́tà. Ọ̀ṣun, Mámí Wọ́tà. Olókun pàápàá kò yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ wo àwòrán tí gbogbo wa mọ̀ yẹn: obìnrin onírun gígùn tí ejò lọ́ mọ́ lára. Àìmọye ló gbà pé láti ayé àwọn baba ńlá wa ló ti wà. Rárá o. Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ láàárín 1880 sí 1890. Obìnrin tó ń fi ejò ṣeré fún òǹwòran ni wọ́n yà síbẹ̀, ọ̀rọ̀ omi kò sí níbẹ̀ rárá. Àwòrán náà gba orí òkun dé ọ̀dọ̀ wa, nígbà tó sì fi máa di 1901, wọ́n ti gbẹ́ ère tó jọ ọ́ ní Bonny. Ní 1955, ilé ìtẹ̀wé kan ní Bombay tún tẹ ẹgbàafà (12,000) ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn oníṣòwò ní Kumasi, ní ilẹ̀ Gánà. Báyìí ló ṣe dé ara ògiri ṣọ́ọ̀bù àti ojúbọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má tún ti ibẹ̀ ṣubú sí òdìkejì, kí ẹ ní òyìnbó ló kó gbogbo rẹ̀ wá. Kí àwòrán Hamburg tó dé, àwọn agbẹ́nà Ọ̀wọ̀ àti Benin ti ń gbẹ́ èèyàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹja sára eyín erin. Ìgbàgbọ́ ti wà nílẹ̀. Àwòrán nìkan ló jẹ́ àlejò.

Àṣìṣe kejì ni kí a máa fi òkun fún Yemọja nínú ìtàn ilé. Odò Ògùn ni tirẹ̀. Ẹ béèrè ní Abẹ́òkúta. Olókun ló ni òkun. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba ni wọ́n gbé Yemọja dé etí òkun, tó fi jẹ́ pé ní ọjọ́ 2 oṣù Èrèlé lọ́dọọdún, àwọn ará Salvador ní Bahia ń gbé òdòdó àti lọ́fínńdà lọ fún un nínú òkun. Òótọ́ ni tiwọn náà. Kí ẹ ṣáà ti sọ ibi tí ìtàn yín ti wá. Bákan náà, ẹ má bá ará Benin jà nítorí ó pe Olókun ní ọkùnrin: ní Ifẹ̀, wọ́n á ní obìnrin ni, aya Odùduwà.

Ti fídíò “ọmọ omi tí wọ́n mú láàyè”, kò yẹ kó gba àkókò wa. Ní 1842, P. T. Barnum, ará Amẹ́ríkà kan tó ń gbowó lọ́wọ́ òǹwòran, ti fi ara ọ̀bọ tí wọ́n rán mọ́ ìrù ẹja pa owó ní New York. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹbí.

Èyí tó ń pa èèyàn ni kí ẹnì kan máa rì ní etí òkun Èkó, kí àwọn tó wà lókè máa sọ pé Mámí Wọ́tà ló mú un, kí wọ́n dúró máa wò. Ìṣàn tó ń wọ́ èèyàn kúrò ní etí òkun wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì lágbára ju òmùwẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kó sí i kò gbọ́dọ̀ bá a jà láti padà tààrà. Kó máa wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, kó tẹ̀ lé etí òkun, títí ìṣàn náà yóò fi tú u sílẹ̀. Ẹni tó wà lókè kó má bẹ́ sínú omi o. Kó ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí wọ́n dé pa, tàbí okùn, sí i, kó sì pariwo pe àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yọ èèyàn nínú omi.