Fortran ò tíì kú o: bẹ́ ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti Èkìtì

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tẹ́ ẹ wà l'Adó, l'Ọ̀yẹ́ àti n'Ìkẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ yín ló ń bi mí pé ṣé kì í ṣe àsìkò ṣòfò ni kéèyàn máa kọ́ Fortran báyìí, èdè tá a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí IBM ti gbé jáde láti 1957. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ wẹ́ẹ̀bù àti áàpù lẹ fẹ́ máa ṣe, ẹ máa bá tiyín lọ, àmọ́ tó bá jẹ́ ojú ọjọ́, físíìsì àbí iṣẹ́ ẹnjiníà lọkàn yín wà, ẹ jókòó. WRF tí wọ́n fi ń ṣírò bójò á ṣe rọ̀, Fortran ni. Quantum ESPRESSO tí àwọn onífísíìsì fi ń ṣírò ìṣe átọ́ọ̀mù náà, Fortran ni. Kódà Python tẹ́ ẹ fẹ́ràn yẹn, tẹ́ ẹ bá ní kó bá yín yanjú ìṣirò ńlá, LAPACK, àkójọ kóòdù ìṣirò mátíríìsì, ló sábà máa ń sá tọ̀ lọ nísàlẹ̀, Fortran ni wọ́n sì fi kọ ìyẹn. Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ẹni tó bá ní òun á tún gbogbo ẹ̀ kọ lédè mìíì, ọ̀pọ̀ ọdún ló máa ná sí i, á tún wá máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá èsì ẹ̀ bá tàtijọ́ mu.

Ẹ kọ́kọ́ gbé handout tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fortran 77 nìyẹn, tí kóòdù ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó di ààyè 7 lórí ìlà, tí ò sì gbọdọ̀ kọjá 72. Òun ni wọ́n fi kọ́ mi, díẹ̀ ló kù kí n kórìíra èdè náà. Ti Fortran 90 wá sókè ni kẹ́ ẹ kọ́, wọ́n ṣì ń tún un ṣe, Fortran 2023 ló dé kẹ́yìn.

Lórí Ubuntu, ẹ tẹ sudo apt install gfortran kẹ́ ẹ lè ní kọ̀ǹpáílà, ìyẹn ohun tó ń sọ kóòdù di ètò tí kọ̀ǹpútà lè ṣiṣẹ́ lé lórí, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó ń lo Windows, kó fi WSL, tó ń jẹ́ kí Linux ṣiṣẹ́ nínú Windows, sí i ná. Láptọ́ọ̀pù àlòkù á gbé e, tó bá sì ti wọlé ẹ ò nílò dátà mọ́.

Ẹ wá fi ike wọn òjò lẹ́yìnkùlé fóṣù kan, ẹ kọ iye ẹ̀ sínú fáìlì, kẹ́ ẹ wá kọ ètò Fortran kan, ojo.f90, tó máa ṣírò àròpọ̀ ẹ̀. Ẹ má gbàgbé láti kọ implicit none sínú ètò yín láé, torí láìsí i, tẹ́ ẹ bá ṣi orúkọ kan kọ, kọ̀ǹpáílà á kàn gbà pé tuntun ni, èsì á bàjẹ́ láìpariwo. Ẹ tẹ gfortran -Wall -fcheck=all ojo.f90 -o ojo, lẹ́yìn náà ./ojo. Ẹ rántí pé 1/2 á fún yín ní 0, torí odidi nọ́ńbà ló kà á sí, 1.0/2.0 lẹ máa kọ.

Ibi tó ń dá àwọn tó ti èdè C wá láàmú rèé. Láti 1 la ti ń ka àwọn nọ́ńbà inú àtẹ, kì í ṣe láti 0, tẹ́ ẹ bá sì ní àtẹ a(i,j), àwọn tí i ń kà ló fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ nínú mẹ́mórì, torí náà i ló gbọ́dọ̀ wà nínú lúùpù (àṣẹ tó ń tún iṣẹ́ kan náà ṣe léraléra) tinú, kí j wà níta. Ẹni tó ń roko kì í ro ebè kan kó fò sí poro kejì, á tọ poro kan délẹ̀ ná. Tẹ́ ẹ bá yí i sódì, èsì ò ní yí padà, àmọ́ tí nọ́ńbà bá ti pọ̀, iṣẹ́ á falẹ̀ débi tẹ́ ẹ máa bínú.

GPU, ẹ̀rọ tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ìṣirò lẹ́ẹ̀kan náà, náà ò yọ Fortran sílẹ̀, kọ̀ǹpáílà NVIDIA lè gbé lúùpù do concurrent lọ síbẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa kánjú bẹ̀rẹ̀ o.

Lẹ́yìn náà, ẹ wa kóòdù WRF sílẹ̀ látorí GitHub, ẹ wọ fóldà phys, ẹ ṣí module_mp_thompson.F, tó ń ṣírò bómi inú ìkùukùu ṣe ń dòjò. Ó gùn gan-an, subroutine (apá kóòdù tó ń dá iṣẹ́ kan ṣe) kan ṣoṣo lóòjọ́ ti tó.