Bí mo ṣe wá sẹ́ẹ̀lì T apani rí nínú ẹ̀jẹ̀

Nígbà tí wọ́n ní kí n ka sẹ́ẹ̀lì T apani (ọmọ ogun ara tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ní àrùn) tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan tó yọ̀ǹda ara rẹ̀, mo rò pé iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Ṣebí CD8, pùròtéènì kan tó wà lójú ara wọn, ni àmì wọn? Kí n fi áńtíbọ́dì aláwọ̀ títàn, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ àmì náà, lẹ CD8, kí n gbé e sẹ́nu flow cytometer, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ka sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tán.

Mo rọra da ẹ̀jẹ̀ náà lé orí Ficoll, omi kíki tó ń ya sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo fi ẹ̀rọ yí tíúbù náà bírí. Sẹ́ẹ̀lì pupa rì sísàlẹ̀, àwọn funfun tí mò ń wá dúró láàárín bí ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo sì fà á jáde. Ẹ má kánjú níbí o. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n pẹ́nrẹ́n, gbogbo rẹ̀ á dà pọ̀.

Lójú ẹ̀rọ, àwọn kan tàn yòò, àwọn kan ń tàn bàìbàì. Mo ka gbogbo wọn pọ̀. Ọ̀gá mi wò ó, wọ́n ní, "Àwọn bàìbàì yìí, ọmọ ilé wo ni wọ́n?" CD3 ni wọ́n ní lọ́kàn, nítorí òun ló máa ń bá TCR, ohun tí sẹ́ẹ̀lì T fi ń dá ọ̀tá mọ̀, rìn lára sẹ́ẹ̀lì T. Mo tún un ṣe, mo fi áńtíbọ́dì CD3 àti ti àmì mìíràn, CD56, kún un. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàìbàì yẹn kò ní CD3 rárá. CD56 ló wà lára wọn. Sẹ́ẹ̀lì NK (natural killer) ni wọ́n! Apani làwọn náà, ṣùgbọ́n wọn kì í lo TCR. Sẹ́ẹ̀lì T tiwa ní tirẹ̀ á kọ́kọ́ yẹ ègé pùròtéènì kékeré tí HLA ẹgbẹ́ kìíní, pùròtéènì tó dà bí àwo ìpàtẹ, gbé síta lára sẹ́ẹ̀lì tó ní àrùn wò, CD8 á sì bá a di HLA náà mú.

Ó ku iṣẹ́ wọn. Pé ọdẹ gbé ìbọn kọ́ kò ní kó ti yìn ín. Inú àpò kéékèèké ni sẹ́ẹ̀lì yìí ń kó perforin àti granzyme sí: perforin á lu awọ ọ̀tá, granzyme á wọlé, á mú kí sẹ́ẹ̀lì náà pa ara rẹ̀. Nígbà tí àpò bá ṣí síta, CD107a tó wà lára àpò náà á yọ lójú ara sẹ́ẹ̀lì, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi padà wọlé. Mo ru àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sókè kí wọ́n lè ṣiṣẹ́, àmọ́ èmi wá lọ fi áńtíbọ́dì CD107a sí i lẹ́yìn tí wákàtí márùn-ún ti pé. Òfo ni mo rí. Ìbẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí n ti fi í sí i, pẹ̀lú oògùn kan tó ń jẹ́ monensin, kí àmì náà má baà bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì.

Nígbà tí mo ṣe é bó ti yẹ, CD107a yọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ CD8 kò mira. Mo fi CCR7 àti CD45RA, àmì méjì tó ń fi ipò tí sẹ́ẹ̀lì T wà hàn, wò wọ́n. Àwọn tó ní méjèèjì lọ́pọ̀ ni kò ṣe nǹkan kan: ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì gba irinṣẹ́, kò sí perforin lọ́wọ́ wọn. Àwọn tí CCR7 ti kúrò lára wọn ló ń ṣiṣẹ́.

CD3 tún máa ń rẹlẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì tí a bá ti ru sókè. Mo ní láti fẹ ààlà tí mo fà lójú ẹ̀rọ, kí n má baà ju àwọn tó ṣiṣẹ́ jù nù.