Ẹṣin Ò Mọ Oríkì Mi

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú." Ẹṣin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Òun ló fi pátákò tẹ etí bàtà òjò mi mọ́ ẹrẹ̀, èmi ni mò ń bẹ̀bẹ̀. Obìnrin tó ń fi ẹṣin tọ́jú ọkàn wa kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé bó o ṣe ń ṣe nílé náà nìyẹn?"

Bẹ́ẹ̀ náà ni. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Leeds. Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun ṣiṣẹ́ alẹ́, mo ti gbà. Bí bàbá kékeré bá ti pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ láti Ìbàdàn, wọn kì í tíì dárúkọ iye tí mo ti ń ṣí áàpù báńkì.

A kì í gun ẹṣin náà rárá, bẹ́ẹ̀ mo ti ra ṣòkòtò agẹṣin sílẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ kìlọ̀: má dúró sẹ́yìn rẹ̀ gan-an, kò ríran débẹ̀, má wé okùn mọ́ ọwọ́, bó bá ta gìrì, á wọ́ ẹ lọ. Iṣẹ́ mi ni kí n mú un rìn láìjẹ́ kó kọjá èjìká mi, kí n sì mú un fẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta.

Lẹ́ẹ̀kíní, ó wọ́ mi lọ sídìí koríko. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ti imú bọ àpò mi, ó ń tú u bí ọlọ́pàá. "Sún sẹ́yìn, jọ̀ọ́." Kò gbọ́. Obìnrin náà ní, "Wo ẹsẹ̀ rẹ." Ẹnu mi ń lé e, ẹsẹ̀ mi ń sá fún un.

Mo mí kanlẹ̀. Mo fẹsẹ̀ múlẹ̀, mo mi okùn díẹ̀, mo tún mì ín dáadáa. Ó na etí sẹ́yìn. Àyà mi já. "Ẹ má bínú" ti dé ètè mi, mo gbé e mì. Ni ẹṣin bá gbé ẹsẹ̀ kan padà sẹ́yìn. Obìnrin náà ní, "Dáwọ́ dúró!" Bó bá ti gbà, kí n dẹ okùn lójú ẹsẹ̀, ìdẹ̀ra yẹn ni ẹṣin fi ń mọ̀ pé òun ti ṣe é re. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Nílé wa, "rárá" kan ṣoṣo lè di ìjà oṣù mẹ́ta. Ẹṣin yìí kàn tẹrí ba, ó ń lá ètè, ó ń jẹnu lásán. Nígbà tí mo yíjú, ó tẹ̀ lé mi wẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹnìkan níbi iṣẹ́ ní kí n gba alẹ́ Sátidé òun. Mo kọ ọ́ pé, "Rárá, mi ò ní lè wá." Mo fi àlàyé ìlà márùn-ún tì í, mo pa ìyẹn rẹ́, mo fi ránṣẹ́. Ó ní kò burú.

Ti bàbá kékeré ṣì wà nílẹ̀. Ẹṣin tó tó 500 kìlógíráàmù ò mọ oríkì mi. Àwọn mọ̀ ọ́n.