Bí mo ṣe bá ìyá onílé mi tẹ́ tábìlì àwọn òkú

Ọmọ Oaxaca ní Mẹ́síkò ni ìyá onílé mi ní Chicago. Tí oṣù kẹwàá bá ti ń parí lọ, á ṣí àga pálọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á tẹ́ ofrenda, ìyẹn tábìlì tí wọ́n fi ń kí àwọn òkú wọn káàbọ̀. Lọ́dún tó kọjá, orúnkún ń dùn ún, ló bá ní kí n wá ran òun lọ́wọ́. (Ẹ má pè é ní Halloween níwájú ẹ̀ o.)

A gbé àpótí méjì lé orí tábìlì kó lè dà bí àtẹ̀gùn, a fi aṣọ funfun bò ó. A so papel picado sókè, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n gé iṣẹ́ ọnà sí lára. Mo fa ọ̀kan ya. Señora, bí mo ṣe ń pe ìyá onílé mi nìyẹn, kàn rẹ́rìn-ín ni.

Òdòdó ló gbà wá lákòókò jù. Cempasúchil ni wọ́n ń pè é, ó pọ́n bí àgbálùmọ̀ tó ti rọ̀, òórùn rẹ̀ kì í sì í kúrò lọ́wọ́ bọ̀rọ̀. A já a wẹ́wẹ́, a wọ́n ọn sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí tábìlì kí àwọn tó ń bọ̀ má baà ṣìnà. Ife omi kan, nítorí òùngbẹ á ti máa gbẹ wọ́n. Iyọ̀. Àbẹ́là. Pan de muerto, búrẹ́dì aládùn tí wọ́n mọ egungun sí lórí. Mezcal díẹ̀, ìyẹn ọtí líle wọn, fún olóògbé ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni ti àwọn ọmọdé tó kú, ọjọ́ kejì ni ti àgbà.

Ó ku fọ́tò. Ó ní kí n gbé ti bàbá mi náà wá. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ní, èyí tí òun àti màmá mi jọ yà níbi ìgbéyàwó àbúrò mi. Bí mo ṣe fẹ́ gbé e kalẹ̀ ni Señora gbá mi lọ́wọ́ mú.

"Màmá ẹ ńkọ́?"

Mo ní wọ́n wà ní Ìbàdàn.

Ó ní rárá o, a kì í gbé àwòrán alààyè sórí ofrenda. Ṣé ó tún yẹ kí wọ́n ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ Yorùbá? Kíá ni mo ti fà á padà. Mo fi fóònù ya fọ́tò náà, mo gé màmá mi kúrò, mo lọ tẹ̀ ẹ́ jáde. Etí gèlè wọn ṣì yọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká bàbá mi. Señora fi òdòdó bo ibẹ̀.

Ó wá bi mí léèrè ohun tí bàbá mi fẹ́ràn láti máa jẹ. Mo ní gúgúrú àti ẹ̀pà. Ó ní kí n sáré lọ rà á kílẹ̀ tó ṣú.