Bí Èrìgì Bá Ń Ṣẹ̀jẹ̀, Ibẹ̀ Gan-an Ni Kí Ẹ Fọ̀

Àwọn tó ń wá yọ eyín tó ń mì ló jẹ́ ká kọ ìwé yìí. A ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń run pákò. Ṣùgbọ́n bá a bá bi wọ́n léèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: "Bí mo bá ti fọ̀ ọ́, á ṣẹ̀jẹ̀, ni mo bá fi í sílẹ̀ kó sinmi." Ìsinmi yẹn gan-an ló ba eyín ọ̀hún jẹ́.

Láàárọ̀, kí ẹ tó fọ ẹnu, ẹ fi èékánná ha ìdí eyín. Nǹkan funfun tó ń lẹ̀ mọ́ èékánná yẹn, èérí eyín ni. Bakitéríà, ìyẹn kòkòrò tójú ò lè rí, ló kóra jọ síbẹ̀. Bí ara bá ti fura sí wọn, á rán sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun jáde láti bá wọn jà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú èrìgì á fẹ̀ kí wọ́n lè ráyè kọjá, èrìgì á pọ́n, á wú, á sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí èérí náà bá pẹ́ níbẹ̀, ohun tí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ń tú sára bakitéríà á máa jẹ ẹran ara wa pẹ̀lú, títí á fi kan egungun tó di eyín mú. Egungun yẹn kì í dédé hù padà.

Lọ́dún 1965, ní Aarhus ní Denmark, èèyàn 12 tí èrìgì wọn dá ṣáká ò fọ eyín mọ́, kí àwọn onímọ̀ nípa eyín lè fi wọ́n wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, èrìgì gbogbo wọn ti wú. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́, ó sì san láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan.

Torí náà, ìṣẹ́jú 2, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́; ti alẹ́ ò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ jẹ́ kó dagun díẹ̀ kó lè kan ibi tí eyín àti èrìgì ti pàdé, kí ẹ rọra fọ̀ ọ́, ẹ má gbo ó bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lóṣù 3-3. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń run pákò, ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn eyín iwájú nísàlẹ̀; ibẹ̀ ni èérí máa ń le sí jù. Ẹ wo páálí ọṣẹ ìfọyín: kí fluoride, èròjà tó ń dáàbò bo eyín, jẹ́ 1000 sí 1500 ppm (bí wọ́n ṣe ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn). Ọmọ tí ò tíì pé ọdún 3, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan. Ọdún 3 sí 6, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kékeré kan.

Èérí tó bá ti le bí òkúta, búrọ́ọ̀ṣì ò lè yọ ọ́. Dókítà eyín ni kó ha á, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì tún ń da omi bátìrì sí i, ásíìdì ni, ẹ jọ̀ọ́!

Bó bá ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 tẹ́ ẹ ti ń fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ lọ rí dókítà eyín. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ò gbọ́dọ̀ dúró de ọ̀sẹ̀ 2 yẹn rárá.