Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ nítòsí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá ń gbin ẹ̀fọ́ síbi tí wọ́n ti ń tú bátìrì mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ewé tútù yọ̀yọ̀ tàn yín jẹ. Òjé inú bátìrì, irin olóró ni, kì í jẹrà. Gbòǹgbò ló máa ń dì í mọ́ra, kì í jẹ́ kí púpọ̀ gòkè, ìdí nìyẹn tí ẹ̀fọ́ náà fi lè dára lójú. Tó bá pọ̀ jù, gbòǹgbò á kúrú, ewé á máa pọ́n bíi pé ilẹ̀ ò lọ́ràá. Cadmium, irin olóró mìíràn, ní tiẹ̀ máa ń tètè gòkè wọ ewé.

Nírú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ fi tẹ̀tẹ̀, ewédú àti kárọ́ọ̀tì sílẹ̀. Ilá, ata àti tòmátò ló sàn díẹ̀, torí òjé kì í sábà dé inú èso. Ẹ da ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa sí ilẹ̀ náà. Bí ilẹ̀ náà bá kan (ìyẹn ni pé ásíìdì pọ̀ nínú rẹ̀), ẹ bu eérú igi díẹ̀ mọ́ ọn, òjé ò ní fi bẹ́ẹ̀ yọ́ sínú omi tí gbòǹgbò ń fà. Eruku tó bà sórí ewé ńkọ́? Ẹ fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ dáadáa. Sísè ò lè pa òjé. Ọpọlọ àwọn ọmọdé ni òjé máa ń bàjẹ́ jù. Èyí tó dá mi lójú jù ni kí ẹ bu erùpẹ̀ mímọ́ láti ibòmíràn sínú àpò, kí ẹ gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀.